Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà Tí Onídìrí Kò Gbọdọ̀ Sọ̀rọ̀

Ẹ bá mi ká lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tó kọjú sí títì, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ búlúù, tí àga mẹ́ta wà níwájú dígí gbọọrọ kan, tí ẹ̀rọ méjì tó ń mú irun gbẹ sì dúró ní kọ̀rọ̀ bí ọmọ ogun tó dé akoto. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù yìí ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀. Onídìrí ni. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ó sì tún rọ̀. Irun tó le bí okùn á tẹ̀ fún un kó tó pẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ ti yá tó yẹn, ẹnu rẹ̀ yára jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́ta.

Àwọn aládùúgbò ló sọ ọ́ ní Màmá Mo-Ti-Mọ̀. Wọn ò fi bú u, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ. Ẹni tó bá ní òjò fẹ́ rọ̀, á ní, "Mo ti mọ̀." Ẹni tó bá ní ọmọ òun ti bímọ, kò ní jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀, "Mo ti mọ̀, obìnrin ni." Bó bá wá jẹ́ ọkùnrin, á ní ohun tí òun ní lọ́kàn gan-an nìyẹn. Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀, ẹ̀yìn ilé ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọkùnrin yìí máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí ìyàwó òun bá dé ẹnu ọ̀nà ọ̀run, kí áńgẹ́lì tó júwe ibi tó máa jókòó sí, obìnrin náà á ti júwe rẹ̀ fún áńgẹ́lì.

Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi kọ́ kíláàsì Bíbélì àwọn obìnrin ní ìjọ wọn, láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Kò pa á jẹ rí. Bó rẹ̀ ẹ́, á lọ. Bí òjò ń rọ̀, á ki ẹsẹ̀ bọ bàtà òjò, á lọ. Ó fẹ́ràn Ọlọ́run, iyèméjì ò sí ńbẹ̀. Ó mọ ẹsẹ Ìwé Mímọ́ bí ẹni mọ orúkọ ọmọ tó bí. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ìbéèrè kì í tíì parí lẹ́nu ẹni tó ń bi í kí ìdáhùn tó dé, ìdáhùn ọ̀hún náà sì ni èyí tó fún wọn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, àti lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn.

Alágbàfọ̀ kan wà ní kíláàsì náà, obìnrin tó lé díẹ̀ lọ́gbọ̀n ọdún, tó ń fọ aṣọ ìbùsùn fún àwọn ilé ìtura. Kò tíì pé ọdún kan tó gba Jésù gbọ́. Lọ́jọ́ kan ó nawọ́ sókè, ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ọkùnrin tó dùbúlẹ̀ sẹ́bàá adágún omi fún ọdún méjìdínlógójì yẹn, kí ló dé tí Jésù fi bi í bóyá ó fẹ́ kí ara òun yá? Ta ni ò ní fẹ́ kí…"

"Ìyẹn ò le," ni Màmá Mo-Ti-Mọ̀ já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Ó fẹ́ dán ìgbàgbọ́ rẹ̀ wò ni. Ẹ ṣí orí tó tẹ̀ lé e."

Alágbàfọ̀ rọra sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, kò bèèrè nǹkan kan mọ́. Onídìrí ò tilẹ̀ fura.

Kò ju bí oṣù díẹ̀ lọ tí ohùn onídìrí bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ó ní eruku ni. Ó mu omi gbígbóná, ó lá oyin, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Oṣù mẹ́rin kọjá, ohùn náà wá ń dún bí ilẹ̀kùn tí irin rẹ̀ ti dípẹtà. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ọmọge tó fẹ́ ṣègbéyàwó jókòó sórí àga, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́rin rọ̀gbà yí i ká, onídìrí sì ń fi ìmọ̀ràn ilé ọkọ bọ́ gbogbo wọn. Ó gbé òòyà sókè. "Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí o mọ̀ ni pé…"

Ó la ẹnu, afẹ́fẹ́ ló jáde. Ó tún un là. Afẹ́fẹ́. Àwọn márààrún tẹjú mọ́ ọn lẹ́nu, wọ́n ń retí ohun àkọ́kọ́. Títí di òní olónìí, ìyàwó yẹn ò mọ ohun àkọ́kọ́ náà, ó sì ń gbé nílé ọkọ rẹ̀ láyọ̀ àti àlàáfíà.

Dókítà tó ń tọ́jú etí, imú àti ọ̀fun jẹ́ obìnrin kékeré kan tí bàtà rẹ̀ ń dún kò-kò-kò. Ó ti ọ̀pá tín-ín-rín kan tó ní iná lórí gba ihò imú onídìrí wọlé, ó wá fi inú ọ̀fun rẹ̀ hàn án lójú ẹ̀rọ. Awẹ́ ẹran ara méjì ló wà níbẹ̀ tó ń lu ara wọn kí ohùn tó jáde. Kókó kọ̀ọ̀kan ti yọ sí wọn lára, wọn ò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ.

"Ẹ ti lo ohùn yín lálòjù, Mà," ni dókítà wí. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, ẹ ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ kọrin. Wúyẹ́wúyẹ́ pàápàá, ẹ má ṣe é, torí ó máa ń ni ọ̀fun lára ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Bí ẹ bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí kókó náà wọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, abẹ ló kù."

Ojú onídìrí là kedere. Ó na ìka mẹ́fà sókè, ó wá tọ́ka sí oòrùn lójú fèrèsé. Ṣé ọjọ́ mẹ́fà ni?

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Mà."

Káfíńtà tó jókòó tì í wú ikọ́. "Dókítà, ẹ má bínú o. Ṣé kò ní dáa kó kúkú pé mẹ́jọ, kó lè dá wa lójú dáadáa?"

Onídìrí gbá a léjìká. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀hún ò dún.

Bí wọ́n ṣe délé, káfíńtà rẹ́ pákó kékeré kan, ó fi ọ̀dà dúdú kùn ún, ó lu ihò méjì sí i, ó ki okùn bọ̀ ọ́, ó sì fi kọ́ ìyàwó rẹ̀ lọ́rùn pẹ̀lú páálí ṣọ́ọ̀kì kan. "Ohun tó bá pọn dandan ni kí o máa kọ," ló wí. "Pákó náà kéré, mo mọ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni."

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ rí màbo. Ọ̀rọ̀ á sáré wá dé ẹnu, á bá ilẹ̀kùn ní títì. Kó tó kọ ìdáhùn tán sórí pákó, àwọn oníbàárà á ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn, yóò wá gbé ìdáhùn sókè fún ìbéèrè tí kò sẹ́ni tó rántí mọ́. Ó lo igi ṣọ́ọ̀kì mẹ́sàn-án. Ní ọjọ́ kẹrin, ọwọ́ ń ro ó, ọkàn ń ro ó, ó bá sọ ṣọ́ọ̀kì sínú àpò, ó kàn ń dìrun.

Ọjọ́ náà gan-an ni nǹkan ṣẹlẹ̀.

Tíṣà ìṣirò kan wà tó ti ń wá ṣe irun lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án, ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Kì í sọ ju "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà" àti "Rárá, Mà" lọ. Onídìrí ti gbà tipẹ́ pé agbéraga ni. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdé yìí, tíṣà jókòó, òòyà ń lọ sókè sódò, ṣọ́ọ̀bù dákẹ́ rọ́rọ́. Nígbà tó yá, tíṣà ní, "Ìyá mi ò mọ̀ mí mọ́."

Òòyà dúró.

"Ó ti tó ọdún méjì. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan tí mo bá ti iṣẹ́ dé, màá kí wọn, wọ́n á ní, 'Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ta ni ẹ̀ ń wá?' Màá dárúkọ. Wọ́n á ní orúkọ yẹn dáa, àwọn náà ní ọmọ kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo ti sọ fún Ọlọ́run pé bóyá Ó ti gbàgbé ilé wa. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ àná, mo jókòó tì wọ́n, mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà tí Olúwa kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn Rẹ̀, ẹkún ò sì jẹ́ kí n lè parí rẹ̀. Ìyá mi gbà á lẹ́nu mi, Mà! Wọ́n gbà á látìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọn ò ṣi ọ̀rọ̀ kan pè. Wọn ò mọ̀ mí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ Bàbá wọn. Mo wá rí i pé Ó wà nílé yẹn. Ibi tí àìsàn ò lè dé ni Ó jókòó sí."

Onídìrí dúró gbagidi, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án! Irú ẹ̀rí báyìí ń wọlé tó ń jáde ní ṣọ́ọ̀bù òun, òun sì ń fi ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ àti ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ bò ó mọ́lẹ̀! Ó gbé ọwọ́ lé tíṣà léjìká, kò sì tètè gbé e kúrò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó sáré gba ẹ̀yìn ilé lọ sí ibi tí ọkọ rẹ̀ ti ń rẹ́ igi, ó gbé pákó sókè sí i níwájú, lẹ́tà gbàgàdà-gbàgàdà: MO GBỌ́ NǸKAN LÓNÌÍ! Ìdùnnú ò jẹ́ kó rántí pé ìtàn náà gùn ju pákó lọ. Ó kọ, ó pa á rẹ́, ó tún kọ, lẹ́búlẹ́bú ṣọ́ọ̀kì dà pọ̀ mọ́ lẹ́búlẹ́bú igi, káfíńtà sì fi sùúrù kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí ó fi tán.

Àdúrà àárọ̀ ló kàn. Aago márùn-ún ààbọ̀ ni wọ́n máa ń kúnlẹ̀ nílé wọn. Fún ọgbọ̀n ọdún, onídìrí ló ń gbàdúrà, káfíńtà ló ń ṣe àmín. Nígbà tí ohùn lọ, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n fi kúnlẹ̀ wo ara wọn, tí wọ́n sì dìde. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ kejì, káfíńtà wú ikọ́ rẹ̀ yẹn.

"Baba," ló wí. "Ẹ ṣeun tí a jí. Àga tí mo kàn fún ẹni àná, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, mo sì ti ń gbèrò láti fi awẹ́ igi tẹ́ ẹ nísàlẹ̀ kó má baà hàn. Ẹ dárí jì mí. Màá tún un kàn lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọ̀fun ìyàwó mi. Mo fi ṣẹ̀fẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Àmín."

Ó tán. Kò pé ìṣẹ́jú kan. Onídìrí la ojú, ó ń wo ọkùnrin tó fẹ́ láti ọgbọ̀n ọdún bí ẹni pé yàrá kan wà nílé rẹ̀ tí kò ṣí rí, tí ìmọ́lẹ̀ kún inú rẹ̀. Ó fa pákó mọ́ra. TA LÓ KỌ́ YÍN NÍ ÀDÚRÀ?

"Ojoojúmọ́ ni mò ń gbà á," ni káfíńtà dáhùn, ojú ń tì í bí ọmọdé. "Níbi iṣẹ́. Bí ayùn bá ń dún, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ mi. Mo rò pé tèmi kúrú jù fún ilé ni."

Lọ́jọ́ kejì, kí aago tó lù, onídìrí ti jí, ó ti kúnlẹ̀, ó sì ti gbé pákó sí àyà bí ẹni tó ń dúró de àlejò ní ibùdókọ̀: Ẹ TÚN GBÀDÚRÀ!

Àsìkò yìí ni pásítọ̀ wá kí i ní ṣọ́ọ̀bù. Ó bá a dárò, ó gbàdúrà fún un, ó wá ní, "Ìyá wa, a ti rí ẹni tó máa bá yín di kíláàsì mú. Alágbàfọ̀ ni."

Ṣọ́ọ̀kì sáré: ÈWO NÍNÚ WỌN?

"Ọ̀kan náà la ní, Mà."

KÒ TÍÌ MỌ NǸKAN KAN.

Pásítọ̀ kà á, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìdí tí mo fi yàn án nìyẹn, Mà. Ó mọ̀ pé òun ò mọ̀, ó sì máa ń bèèrè. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè."

Ọ̀rọ̀ náà ò dùn mọ́ ọn nínú o! Mi ò ní parọ́ fún yín. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó mú ìwé àti pẹ́ńsù, ó lọ jókòó sí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn pátápátá, ó fa ìlà sí àárín ìwé, ó kọ "Àṣìṣe" sókè. Alágbàfọ̀ dìde, òórùn ọṣẹ ń ta lára aṣọ rẹ̀.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní nǹkan tí mo fẹ́ fi kọ́ yín. Ẹ jẹ́ ká ka ìtàn yìí lẹ́ẹ̀mejì, ká dákẹ́ díẹ̀, kí kálukú wá sọ ohun tó gbọ́."

Onídìrí kọ ọ́ sílẹ̀: Àṣìṣe kìíní, kò múra sílẹ̀.

Ìtàn Àpólò ni, ọ̀mọ̀wé tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, tó já fáfá nínú Ìwé Mímọ́, tó ń wàásù kiri pẹ̀lú ìtara. Onídìrí ti kọ́ wọn ní ìtàn yìí bí ìgbà mọ́kànlá. Nígbà tí wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kíní, ọkàn rẹ̀ ti ṣáájú òǹkàwé dé ìparí. Ṣùgbọ́n ìyá àgbàlagbà kan ló kà á lẹ́ẹ̀kejì, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò síbi tí ọkàn onídìrí lè sá lọ. Ó wá gbọ́ ọ bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí: ìrìbọmi Jòhánù nìkan ni ọkùnrin yìí mọ̀. Pẹ̀lú gbogbo ìtara rẹ̀, agbedeméjì ọ̀nà ló dé. Tọkọtaya kan tó ń ṣe àgọ́ tà, Àkúílà àti Pìrìsíkílà, ló mú un lọ sílé, tí wọ́n fi ìyókù ọ̀nà hàn án.

Wọ́n dákẹ́. Ìyá kan ní, "Ohun tí èmi gbọ́ ni pé wọn ò dójú tì í níta. Ilé ni wọ́n mú un lọ."

Òmíràn ní, "Èmi gbọ́ pé obìnrin wà lára àwọn tó kọ́ ọ."

"Èmi o," ni alágbàfọ̀ wí, "ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ó tẹ̀ lé wọn. Ọ̀mọ̀wé lòun, aránṣọ àgọ́ ni wọ́n. Ó kúkú lè sọ pé òun ti mọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀ tán kó tó gbọ́ bó ṣe dún. Ẹyin lọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó jẹ́ wo ẹ̀yìn.

Ara onídìrí kọ́kọ́ gbóná. Lẹ́yìn náà, bí ẹní da omi tútù síni lórí ní ọ̀sán gangan, nǹkan kan sọ̀ kalẹ̀ ní àyà rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì dé. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Àwọn tó wà nítòsí rò pé ẹkún ni. Ẹkún ni lóòótọ́, ẹ̀rín sì tún ni. Ó dìde, ìwé àṣìṣe já bọ́ sílẹ̀, kò wẹ̀yìn. Ó rìn dé iwájú, ó tẹ ṣọ́ọ̀kì mọ́ pákó títí ó fi kán, ó fi èyí tó kù parí rẹ̀, ó sì yí pákó sí wọn: ÈMI NI ÀPÓLÒ.

Ariwo ta! Àwọn obìnrin ń pàtẹ́wọ́, òmíràn ń fi ìbòrí nu ojú. Onídìrí ò lè pariwo, ó bá ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu tábìlì gbà-gbà-gbà. Ó pa pákó rẹ́, ó tún kọ: ILÉ TA NI KÍ N LỌ?

Ó tọ́ka sí alágbàfọ̀.

Alágbàfọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. "Ilé mi ò tóbi o, Mà."

Ó lọ ní ọ̀sán ọjọ́ Tọ́sìdé. Yàrá kan ni, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tí okùn mẹ́fà ta kọjá nínú rẹ̀, aṣọ ìbùsùn funfun kún ara wọn, ooru omi gbígbóná bo gbogbo ibẹ̀. Alágbàfọ̀ ń wá àga kiri, ṣùgbọ́n onídìrí ti mú etí aṣọ kan, ó na etí kejì sí i. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ. Lẹ́yìn tí wọ́n ká bíi mẹ́wàá, onídìrí mú pákó: KÍ LÓ DÉ TÓ FI BI Í BÓYÁ Ó FẸ́?

Alágbàfọ̀ wò ó títí. "Ẹ rántí ìbéèrè yẹn?"

Onídìrí kọ òótọ́ síbẹ̀: Ọ̀SẸ̀ YÌÍ NI MO TÓ GBỌ́ Ọ. MÁ BÍNÚ.

"Ọtí ni mò ń mu, Mà," ni alágbàfọ̀ wí. "Ọdún mẹ́jọ. Ìyá mi sunkún, ẹ̀gbọ́n mi lù mí, àwọn ọ̀rẹ́ bẹ̀ mí. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo fẹ́ fi í sílẹ̀. Ká sòótọ́, mi ò fẹ́. Bí mo bá ti mutí, kò sẹ́ni tó ń retí nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ó rọ̀ mí lọ́rùn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan, mo ń kọjá lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbọ́ tí wọ́n ń ka ìtàn ọkùnrin yẹn lójú fèrèsé. Wọ́n dé ibi tí Jésù ti ní ṣé ó fẹ́. Mà, ó dà bíi pé èmi ló kọjú sí! Mo dúró sójú títì, mo ní, 'Mi ò mọ̀, Sà. Àmọ́ ó wù mí kí n fẹ́.' Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọkùnrin yẹn ṣe rí lójú mi nìyẹn. Ó ti pẹ́ lórí ẹní débi pé ẹní ti di ilé. Ẹni tó fẹ́ gbé e dìde gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi í."

Onídìrí mú ṣọ́ọ̀kì. Ó kọ: TA LÓ Ń KÀ Á LỌ́JỌ́ NÁÀ?

Alágbàfọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ni! Ohùn ta ló tún lè dé títì? Ẹ̀yin lẹ ka á, Mà. Èmi ni mo gbọ́ ọ."

Háà! Obìnrin yìí jókòó sórí òkìtì aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, ó wó gbogbo rẹ̀, kò bìkítà. Ẹnu òun ni ìyè gbà kọjá lọ bá ẹlòmíràn, òun tó gbé e lọ́wọ́ ò sì tọ́ ọ wò! Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó di alágbàfọ̀ lọ́wọ́ mú, ó ń ju ọwọ́ náà sókè sódò. Ọjọ́ náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Tọ́sìdé. Alágbàfọ̀ á lọ aṣọ, òun á ká a, Bíbélì á ṣí sílẹ̀ lórí àpótí ọṣẹ. Bó bá padà délé, á kọ́kọ́ wá káfíńtà lọ, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé. Dókítà tún ti ọ̀pá iná bọ imú rẹ̀. Kókó kan ti lọ pátápátá, èkejì ti súnkì di bíńtín. "Ẹ sọ nǹkan ká gbọ́, Mà. Ẹ rọra o."

Káfíńtà di etí àga mú. Onídìrí gbé itọ́ mì. Ohùn tó jáde nípọn, ó sì rẹlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. "Dókítà, ẹ̀yin náà ńkọ́? Ara yín le?"

Dókítà bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kò sí aláìsàn tó bi òun ní ìbéèrè yẹn rí lórí àga yẹn. Ló bá fa àga sún mọ́ wọn, ó sọ fún wọn pé ọ̀sẹ̀ yẹn le fún òun, ọmọ òun ń ṣàìsàn. Káfíńtà gbàdúrà níbẹ̀, àdúrà tó kúrú, tó sì tó.

Ẹ má rò pé obìnrin yìí wá di odi o. Rárá! Ó ṣì ń sọ̀rọ̀, àwọn oníbàárà ṣì ń rẹ́rìn-ín dé títì. Ó tún máa ń já lu ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó kàn jẹ́ pé á fi ọwọ́ bo ẹnu, á ní, "Pẹ̀lẹ́, máa wí, mò ń gbọ́." Òun àti alágbàfọ̀ ló jọ ń darí kíláàsì báyìí, wọ́n sì ń kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjọ mélòó kan pawọ́ pọ̀ ṣí ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì ọlọ́sàn-án Sátidé. Onídìrí fi orúkọ sílẹ̀. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni, àwọn tí wọ́n jọ jókòó tó ọmọ tó bí. Iwájú ló jókòó sí, ó ń nawọ́ sókè débi pé olùkọ́ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí àwọn yòókù náà bèèrè.

Nígbà tí wọ́n pín èsì ìdánwò àkọ́kọ́, ó sáré wálé, kò wọ ọkọ̀, ó gbé bébà náà sókè bí àsíá. Ó já wọ ibi iṣẹ́ káfíńtà.

"Bàbá wọn! Mo kùnà níbi mẹ́rìnlá!"

Káfíńtà pa ayùn. "Mẹ́rìnlá? O wá ń yọ̀?"

"Mẹ́rìnlá! Nǹkan mẹ́rìnlá tí mi ò mọ̀ rí láyé mi ló wà nínú ìwé yìí, wọ́n sì fi íńkì pupa fa ìlà sí gbogbo rẹ̀ fún mi!" Ó gbá lẹ́búlẹ́bú igi kúrò lórí bẹ́ǹṣì iṣẹ́, ó tẹ́ bébà náà síbẹ̀. "Ẹ sún mọ́bí. Ẹ wá bá mi ka ti àkọ́kọ́."

Káfíńtà nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó wá dígí ojú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè.